Iṣẹ́ work-study kọ́ ló ń ba ẹ̀kọ́ jẹ́

Kò sí ọdún tí àkókò ìwọlé sí yunifásítì bá ń sún mọ́lé ní Amẹ́ríkà tí n kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu àwọn òbí àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́tà ìrànwọ́ owó á dé láti ilé-ẹ̀kọ́, wọn á sì rí i pé ìrànwọ́ náà pín sí oríṣiríṣi: owó tí a fi ta ọmọ lọ́rẹ, owó tí ó jẹ́ ẹ̀yáwó, àti ìlà kan nísàlẹ̀ tí wọ́n kọ Federal Work-Study sí, ìyẹn iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe gba owó nígbà tó ń kàwé, tí ìjọba àpapọ̀ sì ń san lára owó rẹ̀, pẹ̀lú iye tí kò jọni lójú níwájú rẹ̀. Ibi tí ojú bá ti kan ìlà yẹn ni ìmọ̀ràn ti máa ń bẹ̀rẹ̀: "Fi ìyẹn sílẹ̀ o. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, á sì ba ẹ̀kọ́ rẹ jẹ́. Ẹni tó bá lé eku méjì, á pòfo." Ìgbàgbọ́ yìí ti gbilẹ̀ débi pé àwọn ènìyàn kì í wádìí rẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ sọ ọ́ gbangba pé kò rí bẹ́ẹ̀, àti pé àwọn tí àṣìṣe náà ń pa lára jù lọ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ọwọ́ òbí wọn kò ká owó ilé-ẹ̀kọ́, ìyẹn àwọn gan-an tí wọ́n torí wọn dá ètò náà sílẹ̀.

Èmi náà gbà á gbọ́ nígbà kan. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo wọ yunifásítì, mo kọ iṣẹ́ tí wọ́n fún mi ní láíbìrì lábẹ́ ètò yìí, mo lọ gba iṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìkẹ́rù kan lẹ́yìn ìlú, nítorí pé owó wákàtí kan níbẹ̀ fi dọ́là mẹ́ta ju ti láíbìrì lọ. Bọ́ọ̀sì méjì ni mo ń wọ̀ lọ, méjì ni mo ń wọ̀ bọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin nínú ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń dé yàrá mi lẹ́yìn aago méjìlá òru, kíláàsì kẹ́místrì mi sì ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Nígbà tí èsì sáà kejì jáde, gbogbo àwọn tó fẹ́ràn mi ló sọ pé iṣẹ́ ló ba ẹ̀kọ́ mi jẹ́, òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bi mí pé iṣẹ́ wo. Iṣẹ́ tí mo sá fún kọ́ ló ṣe mí ní jàǹbá. Èyí tí mo fi rọ́pò rẹ̀ ni.

Ibẹ̀ gan-an ni gbòǹgbò àṣìṣe yìí wà. Àwọn tó ń sọ pé iṣẹ́ work-study kò lérè máa ń fi í wé àìṣiṣẹ́ rárá, bí ẹni pé akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ̀ ọ́ yóò jókòó ti ìwé rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Ṣùgbọ́n àìní ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó fún ènìyàn ní ètò yìí, ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n sì fún ni kò lè ṣe kí wọ́n má wá owó níbì kan. Nítorí náà, ohun tó tọ́ kí a gbé sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ work-study ni iṣẹ́ mìíràn tí ọmọ náà ì bá ṣe, tàbí gbèsè tí ì bá jẹ.

Ètò náà kì í ṣe tuntun. Òfin tí wọ́n ń pè ní Economic Opportunity Act ló bí i, èyí tí Ààrẹ Lyndon Johnson bu ọwọ́ lù ní oṣù kẹjọ ọdún 1964, lẹ́yìn tó ti kéde pé ìjọba òun yóò gbógun ti ìṣẹ́. Johnson mọ ibi tí bàtà ti ń ta akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́sẹ̀. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní San Marcos, ní ìpínlẹ̀ Texas, ó gbálẹ̀, ó sì ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì lọ́dọ̀ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, kí ó lè rí owó fi kàwé. San Marcos yìí kan náà ló padà sí ní oṣù kọkànlá ọdún 1965 láti bu ọwọ́ lu Higher Education Act, òfin tí ètò náà wà lábẹ́ rẹ̀ títí di òní.

Bí ètò náà ti ń lọ nìyí. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ́kọ́ kọ FAFSA, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè ìrànwọ́ owó lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Bí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá wà nínú ètò náà, tí fọ́ọ̀mù sì fi hàn pé owó kò tó o, ilé-ẹ̀kọ́ lè ya iye kan sọ́tọ̀ tí ó lè ṣiṣẹ́ gbà láàárín ọdún. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìjọba àpapọ̀ lè san tó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ náà, ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ẹni tó gba ọmọ síṣẹ́ á sì san ìyókù. Bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ kíkọ́ àwọn ọmọdé ní ìwé kíkà tàbí ìṣirò, ìjọba lè san gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìdá 75 yìí ṣe pàtàkì ju bí ó ti dún létí lọ. Òun ló ń jẹ́ kí ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ní láàbù lè gba ọmọ ọdún méjìdínlógún tí kò tíì di ohun èlò kankan mú rí, nítorí pé nínú dọ́là kọ̀ọ̀kan tí ọmọ náà bá gbà, ó lè jẹ́ sẹ́ǹtì 25 péré ni yóò jáde lápò ilé-ẹ̀kọ́. Bí kì í bá ṣe ìrànwọ́ yẹn ni, ẹni tó ti mọ iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ni ọ̀jọ̀gbọ́n náà yóò wá.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ owó, torí òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fà yọ. Òótọ́ ni pé owó wákàtí rẹ̀ kì í sábà pọ̀. Òfin kò jẹ́ kí ó kéré sí owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí, èyí tó ti wà ní dọ́là 7.25 láti ọdún 2009, tàbí ti ìpínlẹ̀ níbi tí ti ìpínlẹ̀ bá ti ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ lé lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n kọ síwèé àti owó tó wọ àpò, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan lè gba dọ́là 12 ní wákàtí kan ní láíbìrì, tàbí dọ́là 15 ní ilé ìtajà kan ní ìgboro. Ní ilé ìtajà, wọn á yọ ìdá 7.65 nínú ọgọ́rùn-ún fún Social Security àti Medicare, ìyẹn ètò ìjọba fún owó ìfẹ̀yìntì àti ìtọ́jú ìlera àwọn àgbàlagbà, èyí tó kù á sì di nǹkan bíi dọ́là 13.85. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe ó kéré tán ìdajì ẹ̀kọ́ sáà kíkún, tó sì jẹ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ gan-an ló gbà á síṣẹ́, kì í sábà san owó yẹn nígbà tí kíláàsì ń lọ lọ́wọ́. Owó orí kò mọ iṣẹ́ kan yàtọ̀ sí èkejì, nítorí náà a lè fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ọmọ náà bá wá ń ṣe wákàtí márùn-ún lóòjọ́ ní ìgboro, tí àlọ àti àbọ̀ sì ń gba wákàtí kan àbọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, dọ́là 69 tó mú bọ̀ ti di owó wákàtí mẹ́fà àbọ̀. Kò pé dọ́là 11 fún wákàtí kan mọ́, a kò sì tíì mú owó ọkọ̀ kúrò níbẹ̀. Èyí tí wọ́n sọ pé kò tó nǹkan ló wá pọ̀ jù. Èmi kò ṣe ìṣirò yìí ní ọdún àkọ́kọ́ mi. Dọ́là mẹ́ta tó fi lé ni mo rí, ojú mi kò sì rí nǹkan mìíràn.

Ohun kan tún wà tí àwọn òbí kì í gbọ́ nípa rẹ̀ àfi bí wọ́n bá béèrè. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá tún ń kọ FAFSA, owó tó gbà níbi iṣẹ́ ìgboro yóò wà lára ohun tí wọ́n ń wò, bí ó bá sì kọjá iye tí òfin dá sí fún ọmọ tó ṣì wà lábẹ́ òbí, ìdajì ohun tó lé ni wọ́n máa kà sí owó tó wà nílẹ̀ fún owó ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n máa ń yọ owó work-study kúrò nínú ìṣirò náà. Ọmọ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀ lè má mọ ìyàtọ̀ kankan, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣiṣẹ́ gan-an ní àkókò ìsinmi, tó tún ń ṣiṣẹ́ nígbà tí kíláàsì ń lọ, yóò mọ̀ ọ́n.

Ní ti gbèsè, ẹ wo ìṣirò kan péré. Bí lẹ́tà bá sọ pé ọmọ lè gba dọ́là 2,400 lọ́dún, tí owó wákàtí kan sì jẹ́ dọ́là 12, wákàtí 200 ni yóò fi rí i gbà. Sáà méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jẹ́ ọ̀sẹ̀ 30, nítorí náà iṣẹ́ náà kò tó wákàtí méje lọ́sẹ̀. Bí ọmọ náà kò bá ṣe é, tó wá yá iye kan náà lọ́dọọdún, gbèsè dọ́là 9,600 ni yóò fi jáde lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, láì tíì ka èlé. Mo ti rí àwọn òbí tí wọ́n sọ pé iṣẹ́ wákàtí méje lọ́sẹ̀ yóò pọ̀ jù fún ọmọ wọn, tí wọ́n sì bu ọwọ́ lu ẹ̀yáwó náà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ó dùn mí, nítorí ọmọ náà ni yóò san án.

Ọ̀rọ̀ máàkì ló tó ọ̀rọ̀ ìjíròrò jù, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń bo nǹkan kan mọ́lẹ̀. Ẹ̀rí wà pé wákàtí iṣẹ́ lè dín máàkì kù. Ní Berea College ní Kentucky, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ kì í ti í san owó ẹ̀kọ́ ṣùgbọ́n tí olúkúlùkù gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ó kéré tán wákàtí mẹ́wàá lọ́sẹ̀, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé méjì, Ralph àti Todd Stinebrickner, ṣe ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2003, wọ́n sì rí i pé bí wákàtí iṣẹ́ bá ṣe ń lé sí i ni máàkì ń fà sẹ́yìn. Ìwádìí gidi ni, n kò sì lè pè é ní irọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń sọ fún wa ni pé wákàtí tí a fi kún wákàtí ní iye tó ń gbà. Kò sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó lọ́wọ́ yóò sàn jù bí ó bá kọ iṣẹ́ inú ọgbà, tó lọ ṣe ti ìta.

Ìbéèrè yẹn gan-an ni Judith Scott-Clayton àti Veronica Minaya ti Teachers College ní Yunifásítì Columbia gbé yẹ̀ wò nínú ìwádìí tó jáde ní ọdún 2016, tí wọ́n sì fi àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láti gbogbo orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ṣe. Ìṣirò wọn ni pé nǹkan bí ìdajì àwọn tó wà nínú ètò náà ni ì bá ṣiṣẹ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ètò náà. Fún àwọn wọ̀nyí, work-study dín wákàtí tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ kù, ẹ̀kọ́ wọn sì dára sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fi bẹ́ẹ̀ yí iṣẹ́ tí wọ́n rí lẹ́yìn tí wọ́n jáde padà. Fún ìdajì kejì, àwọn tí ì bá má ṣiṣẹ́ rárá, ọ̀rọ̀ náà yí padà: ẹ̀kọ́ wọn kò rí èrè yẹn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n rí lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ló jèrè. Àbájáde náà tún dára jù láàárín àwọn tí ìdílé wọn kò rí já jẹ. Ẹ wo bí èyí ti jìnnà tó sí ohun tí a ń sọ fún àwọn ọmọ wa. Ọmọ tí a ń sọ fún pé kí ó sá fún work-study nítorí máàkì, tí a sì mọ̀ pé yóò wá iṣẹ́ ṣe níbòmíràn, òun gan-an ni máàkì rẹ̀ ì bá gbé pẹ́ẹ́lí bí ó bá gbà á.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ kò fara sin fún ẹni tó bá ti wà nínú méjèèjì. Lábẹ́ ìlànà ìjọba, akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ work-study ní àkókò tí kíláàsì rẹ̀ ń lọ, àyàfi bí olùkọ́ bá fagi lé kíláàsì náà tàbí tí wọ́n bá yọ̀ǹda rẹ̀. Iye tó wà nínú lẹ́tà tún jẹ́ òpin tí ọ̀gá iṣẹ́ ní láti máa fi sọ́kàn, nítorí náà kò sí ẹni tó lè máa fi wákàtí kún wákàtí fún ọmọ bó ti wù ú. Ilé ìkẹ́rù tí mo bá ṣiṣẹ́ kò mọ ọjọ́ ìdánwò mi. Ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò ìparí gan-an ni wọ́n ní kí n wá ní ọjọ́ márùn-ún dípò mẹ́rin, nítorí ọjà pọ̀, mo sì lọ, nítorí ẹ̀rù ń bà mí pé wọn á fi ẹlòmíràn rọ́pò mi.

Ní ọdún kejì, mo padà lọ bá àwọn tó wà ní láíbìrì. Wákàtí mẹ́jọ lọ́sẹ̀ ni wọ́n fún mi, láti aago méje alẹ́ sí mọ́kànlá, ní ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́rú. Ohun tí mo ń ṣe kò ṣòro: bí ìwé bá padà wọlé, màá ka àmì ẹ̀yìn rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, màá tò ó sórí kẹ̀kẹ́ onírin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń han, màá sì tì í lọ sáàárín àwọn pẹpẹ láti dá ìwé kọ̀ọ̀kan padà sí àyè rẹ̀. QD ni wọ́n fi ń ṣàmì sí ìwé kẹ́místrì. Kí oṣù kan tó pé, mo ti lè rìn lọ síbẹ̀ lójú dídì, mo sì ti mọ èyí tó ń ṣàlàyé ohun tí olùkọ́ mi ń sáré kọjá nínú kíláàsì. Lẹ́yìn tábìlì wa ni wọ́n ń kó àwọn ìwé tí olùkọ́ bá ní kí a má jẹ́ kí wọ́n jáde, tí akẹ́kọ̀ọ́ kan lè yá fún wákàtí méjì péré. Ibẹ̀ ni mo ti ka ìwé méjì tí n kò lówó láti rà. Lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án, ẹsẹ̀ máa ń dá, ìyá tó jẹ́ ọ̀gá wa sì máa ń sọ pé bí kẹ̀kẹ́ bá ti ṣófo, kí olúkúlùkù ṣí ìwé rẹ̀. Òun náà ló ń béèrè ọjọ́ ìdánwò lọ́wọ́ wa ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, tó ń kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà ara ògiri, tó sì máa ń yí wákàtí wa padà kí a tó bẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà tí ó kọ fún mi nígbà tí mo ń wá iṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ gùn ju ti olùkọ́ èyíkéyìí lọ, nítorí ó ti ń wò mí fún ọdún mẹ́ta.

Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ work-study ló rí báyìí. Ẹni tí wọ́n fi sí ibi ìfọwo ní ilé oúnjẹ kò ní rí ìwé ṣí. Iṣẹ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé jíjókòó ti ilẹ̀kùn ni gbogbo rẹ̀, kò sì kọ́ ènìyàn ní nǹkan kan. Ọmọ tí ìdílé rẹ̀ lè gbé e, tí kò ní yá owó, tí kò sì ní ṣiṣẹ́ níbòmíràn, tó wá dé yunifásítì pẹ̀lú ìpìlẹ̀ tí kò lágbára, lè fi sáà àkọ́kọ́ kàwé kí ó tó gba iṣẹ́, n kò sì ní bá a jiyàn.

Èyí tó ń ba ètò náà lórúkọ jẹ́ jù lọ ni àìmọ̀ nípa bí owó náà ti ń wọlé. Àwọn òbí máa ń rí iye tó wà nínú lẹ́tà, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú owó tí wọ́n máa san ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, ilé-ẹ̀kọ́ á wá bi wọ́n léèrè owó tó kù, wọ́n á sì sọ pé wọ́n tan àwọn jẹ. Owó náà kì í wà nílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Owó iṣẹ́ ni. Wọ́n gbọ́dọ̀ san án fún akẹ́kọ̀ọ́ ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù, lẹ́yìn tó bá ti ṣiṣẹ́ rẹ̀, àyàfi bí òun fúnra rẹ̀ bá ní kí wọ́n máa fi í dí gbèsè ilé-ẹ̀kọ́. Ìlà inú lẹ́tà kì í sì í ṣe iṣẹ́, àyè ni. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò wá ibi tí yóò ti ṣe é, bí kò bá sì rí i, tàbí tí kò bá ṣe tó wákàtí tí ó yẹ, èyí tí kò ṣiṣẹ́ gbà kò ní tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ìpín ìjọba kò sì dọ́gba láti ilé-ẹ̀kọ́ kan sí èkejì, nítorí pé ìlànà ìpín náà ṣì ń fi àyè gba àwọn tó ti wà nínú ètò náà láti ọjọ́ pípẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti òkè òkun pẹ̀lú ìwé àṣẹ F-1 kò sí nínú ètò yìí rárá. Òun lè ṣe iṣẹ́ mìíràn nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, èyí tí kò gbọdọ̀ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí kíláàsì bá ń lọ, ṣùgbọ́n owó ìjọba kọ́ ni wọn yóò fi san án fún un.

Ní oṣù kẹjọ tó kọjá, ìyá kan àti ọmọbìnrin rẹ̀ mú lẹ́tà wọn wá bá mi. Ìyá ti bá ọmọ wá iṣẹ́ sílẹ̀ ní ilé ìtajà kan, dọ́là 16 ní wákàtí kan, wákàtí 24 lọ́sẹ̀. Ó ní òun kò rí ìdí tí ènìyàn yóò fi fi ìyẹn sílẹ̀ lọ gba dọ́là 13. Mo ní, "Mà, ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ sílẹ̀." A fa ìlà sáàárín bébà, a kọ iṣẹ́ kan sí apá ọ̀tún, èkejì sí apá òsì, a kọ owó ọkọ̀, a kọ wákàtí ojú ọ̀nà, a sì kọ wákàtí kíláàsì ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ náà ló kọ́kọ́ rí i pé ọjọ́ méjì nínú ọ̀sẹ̀ ni iṣẹ́ ilé ìtajà bọ́ sórí kíláàsì láàbù rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wo bébà náà fún ìgbà díẹ̀, ó sì bi mí ibi tí ènìyàn ti ń wá iṣẹ́ inú ọgbà. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n má dúró di ọjọ́ tí kíláàsì yóò bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn iṣẹ́ tó dára máa ń tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kí wọ́n tó dìde, ọmọ náà ti fi ímeèlì ránṣẹ́ sí láíbìrì, sí ẹ̀ka bàọ́lọ́jì, àti sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìṣirò. Ẹ̀ka bàọ́lọ́jì ló kọ́kọ́ dáhùn: wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa fọ ìgò láàbù, wákàtí mẹ́jọ lọ́sẹ̀, wọ́n sì ní kí ó wá ní ọjọ́ Ẹtì.